Ìfikún àbùdá fún sáfà áàpù

Ìfikún àbùdá fún sáfà áàpù ni fífi agbára tuntun kún ètò sáfà tí ó ti wà lórí ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀, láì tún gbogbo rẹ̀ gbé kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Sáfà áàpù jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn áàpù ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Òun ni ó ń gba ìbéèrè àwọn òǹlò láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, òun náà ni ó sì ń bá àwọn áàpù ṣe iṣẹ́ tí gbogbo wọn jọ nílò: bíbá ibùdó dátà sọ̀rọ̀, yíyẹ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà wò, àti rírí i pé ìdúnàádúrà owó kò dúró lágbedeméjì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní àbùdá.

Iṣẹ́ náà pín sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni gbígbé fáìlì àbùdá wọlé sórí ẹ̀rọ. Èkejì ni mímú àbùdá náà ṣiṣẹ́ nínú sáfà. Oníṣòwò tí ó kó ọjà sínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kò tíì pàtẹ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àbùdá tí fáìlì rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ kò tíì wúlò fún áàpù kankan títí a ó fi mú un ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí ó máa ń wáyé nídìí iṣẹ́ yìí ni ó ti inú pípa méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn wá.

Ìtàn

Ní ìbẹ̀rẹ̀, odindi ni ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe sáfà áàpù máa ń gbé e jáde. Ẹni tí ó bá fẹ́ àbùdá tuntun ní láti dúró de ẹ̀dà tuntun, kí ó sì kó gbogbo áàpù rẹ̀ lọ síbẹ̀. Iṣẹ́ kékeré kọ́ ni èyí fún ilé-iṣẹ́ tí ó ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ áàpù, nítorí pé dandan ni kí wọ́n dán gbogbo wọn wò lákọ̀tun.

WebSphere Application Server ti ilé-iṣẹ́ IBM fi ìṣòro yìí hàn kedere. Ẹ̀dà 6.1 rẹ̀ jáde ní ọdún 2006. Ní ọdún kan náà ni ìlànà Java EE 5 jáde, tí ó mú EJB 3.0 wá, èyí tí ó dín wàhálà kíkọ áàpù kù gan-an fún àwọn tí ń lo èdè Java. Ẹ̀dà 6.1 kò ní EJB 3.0 nínú, ọdún 2008 sì ni ẹ̀dà 7.0, tí ó gba Java EE 5 wọlé ní kíkún, tó jáde. Láti dí àlàfo náà, ní ọdún 2007 IBM gbé àkójọ àbùdá jáde fún ẹ̀dà 6.1: ọ̀kan fún EJB 3.0, òmíràn fún iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ láàrin áàpù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn oníbàárà lè fi èyí tí wọ́n bá fẹ́ kún sáfà tí wọ́n ti ń lò.

Lábẹ́ ètò yẹn pàápàá, ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ náà. Alábòójútó yóò kọ́kọ́ dá sáfà dúró, yóò sì gbé fáìlì àkójọ náà wọlé. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá fi àṣẹ manageprofiles dá àkójọ ètò tuntun sílẹ̀ fún sáfà, tàbí kí ó fi kún èyí tí ó ti wà. Ẹni tí ó bá fo ìgbésẹ̀ kejì yìí yóò rí fáìlì lórí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n áàpù rẹ̀ kò ní rí àbùdá náà lò.

Ní ọdún 2012, IBM gbé Liberty jáde pẹ̀lú ẹ̀dà 8.5 ti WebSphere. Sáfà yìí yí ètò náà padà pátápátá: kò sí àbùdá tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ àfi èyí tí alábòójútó bá dárúkọ, pẹ̀lú àwọn tí èyíinì gbára lé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, wọ́n gbé kóòdù rẹ̀ síta fún gbogbo ayé lábẹ́ orúkọ Open Liberty.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú Liberty

Inú Liberty ni a kọ́ sórí OSGi, ìlànà kan tí ó jẹ́ kí ètò Java pín sí ègé kéékèèké tí a lè fi kún un tàbí yọ kúrò nígbà tí ètò náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ègé kan tí ó kéré jọjọ ni ìpìlẹ̀ sáfà. Àwọn àbùdá ni a ń tò lé e lórí.

Orúkọ àbùdá kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ẹ̀dà lẹ́yìn. Servlet-4.0 ni ó ń gba ìbéèrè láti orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé fún áàpù, jdbc-4.2 ni ó ń so áàpù mọ́ ibùdó dátà, transportSecurity-1.0 ni ó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ tí ń lọ láàrin sáfà àti òǹlò. Àbùdá kan lè gbára lé òmíràn. Bí alábòójútó bá béèrè fún jsp-2.3, sáfà yóò fa servlet wọlé fúnra rẹ̀, nítorí pé ti àkọ́kọ́ kò lè dá ṣiṣẹ́. Àwọn orúkọ kan tún wà tí ó jẹ́ àkójọ odindi, bíi webProfile-8.0 àti jakartaee-10.0, tí ó ń mú ọ̀pọ̀ àbùdá ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àṣẹ featureUtility ni a fi ń gbé àbùdá wọlé sórí ẹ̀rọ. Ó ń gba fáìlì láti Maven Central, ilé ìpamọ́ gbogbogbò fún iṣẹ́ Java lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú WebSphere Liberty, àṣẹ installUtility náà wà, tí ó ń gba tirẹ̀ láti ilé ìpamọ́ IBM. Fún ẹ̀rọ tí a kò so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, a lè kọ́kọ́ gba àwọn fáìlì náà sórí ẹ̀rọ mìíràn, kí a sì gbé wọn wá láti ibẹ̀.

Inú fáìlì server.xml ni a ti ń mú àbùdá ṣiṣẹ́, báyìí:

<featureManager>
  <feature>servlet-4.0</feature>
  <feature>jdbc-4.2</feature>
</featureManager>

Liberty ń ṣọ́ fáìlì yìí fúnra rẹ̀. Bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ó fi ń wò ó léraléra. Tí ó bá rí ìlà tuntun, yóò mú àbùdá náà ṣiṣẹ́ láì dá sáfà dúró. Ìrọ̀rùn ńlá ni èyí fún ẹni tí ń kọ áàpù. Lórí sáfà tí àwọn ènìyàn ń lò lọ́wọ́, ewu ni ó lè jẹ́, nítorí pé àṣìṣe kékeré nínú fáìlì náà yóò kan àwọn òǹlò lójú ẹsẹ̀. Nítorí ìdí èyí ni a fi lè pa ṣíṣọ́ náà, kí ìyípadà má baà wọlé àfi nígbà tí alábòójútó bá fẹ́.

Ìgbésẹ̀ tí a ń tẹ̀ lé

1. Mímọ ohun tí ó wà nílẹ̀. Àṣẹ productInfo version ń sọ ẹ̀dà sáfà. ProductInfo featureInfo ń to àwọn àbùdá tí fáìlì wọn ti wà lórí ẹ̀rọ.

2. Títọ́jú ẹ̀dà ìpamọ́. A ń ṣe ẹ̀dà server.xml àti ti gbogbo fódà sáfà sí ibòmíràn, kí ọ̀nà àtipadà lè wà.

3. Dídán an wò níbi tí kò ní ba iṣẹ́ jẹ́. Orí sáfà mìíràn tí ó jọ ti gidi ni a ti ń kọ́kọ́ ṣe é.

4. Gbígbé fáìlì wọlé. Orúkọ òǹlò tí ó ni fódà sáfà ni ó yẹ kí ó pa àṣẹ yìí. Bí ẹlòmíràn tí ó ní agbára jù bá ṣe é, sáfà lè má lágbára láti ka àwọn fáìlì tuntun náà.

5. Kíkọ orúkọ àbùdá sínú server.xml. Ẹni tí ó bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ ṣáájú lè lo featureUtility installServerFeatures pẹ̀lú orúkọ sáfà, kí àṣẹ náà fúnra rẹ̀ wá gbogbo ohun tí ó kù wọlé.

6. Kíka fáìlì àkọsílẹ̀ messages.log. Ìsọfúnni CWWKF0012I ń to àwọn àbùdá tí ó ti ń ṣiṣẹ́ nínú sáfà. CWWKF0001E ń sọ pé a dárúkọ àbùdá kan tí sáfà kò rí: ó lè jẹ́ pé a kò tíì gbé fáìlì rẹ̀ wọlé, tàbí pé a ṣi orúkọ rẹ̀ kọ.

7. Dídán áàpù wò. Pé àbùdá ń ṣiṣẹ́ kò túmọ̀ sí pé áàpù ń ṣiṣẹ́. Àwọn áàpù àtijọ́ ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí a tó yẹ tuntun tí a torí rẹ̀ fi àbùdá kún sáfà.

Ìforígbárí ẹ̀dà

Ẹ̀dà méjì ti àbùdá kan kì í sábà gbé inú sáfà kan náà. Bí server.xml bá dárúkọ servlet-3.1 àti servlet-4.0 pọ̀, sáfà yóò kọ ìsọfúnni CWWKF0033E sínú àkọsílẹ̀. Ìforígbárí yìí lè fara pa mọ́, nítorí pé ó lè jẹ́ àbùdá kan tí a fi kún un ni ó fa ẹ̀dà kejì náà wọlé.

Èyí tí ó le jù ni ìyapa tí ó wà láàrin Java EE 8 àti Jakarta EE 9. Lẹ́yìn tí ìṣàkóso Java EE bọ́ sí ọwọ́ Eclipse Foundation, orúkọ rẹ̀ di Jakarta EE. Ẹ̀dà 9, tí ó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2020, sì yí ọ̀rọ̀ javax tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn ègé kóòdù rẹ̀ padà sí jakarta. Áàpù tí a kọ pẹ̀lú orúkọ àtijọ́ kò ní ṣiṣẹ́ lórí àbùdá tuntun bí a kò bá yí kóòdù rẹ̀ padà. Fún ìdí èyí, ẹni tí ó ní áàpù àtijọ́, tí ó sì fẹ́ servlet-5.0 fún áàpù tuntun, ní láti dá sáfà mìíràn sílẹ̀ fún un. Liberty gba èyí láyè: sáfà púpọ̀ lè máa lo fáìlì kan náà lórí ẹ̀rọ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní server.xml tirẹ̀. Àwọn ẹ̀dà àtijọ́ ti àbùdá pẹ̀lú kì í kúrò nígbà tí ẹ̀dà tuntun bá dé. Ẹni tí kò bá fẹ́ yí padà lè dúró síbi tí ó wà.

Ààbò àti ìnáwó

Gbogbo àbùdá tí a bá mú ṣiṣẹ́ ni ó ń gba ààyè nínú mẹ́mọ́rì, tí ó sì ń fi kún àkókò tí sáfà fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ju èyí lọ, kóòdù tí a kò nílò lè di ilẹ̀kùn fún àwọn ọ̀daràn. Nígbà tí a tú àṣírí àlèébù Log4j síta ní oṣù kejìlá ọdún 2021, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kárí ayé ní láti máa wá inú ẹ̀rọ wọn kiri, nítorí wọn kò mọ ibi tí ègé kóòdù náà wà. Àtòjọ àbùdá tí ó ṣe kedere ń dín irú ìwákiri bẹ́ẹ̀ kù. Nínú àwọn ìkìlọ̀ ààbò tí IBM ń tẹ̀ jáde nípa Liberty, a sábà máa ń dárúkọ àbùdá tí àlèébù wà nínú rẹ̀, kí ẹni tí kò lò ó lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun.

Nítorí náà, àkójọ odindi bíi jakartaee-10.0 rọrùn nígbà ìkẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n dídárúkọ ìwọ̀nba tí áàpù nílò ni ó dára jù fún sáfà tí àwọn ènìyàn ń lò.

Nínú kọ̀ntéínà

Bí sáfà bá wà nínú kọ̀ntéínà, a kì í fi àbùdá kún un nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ohun tí a bá fi kún un níbẹ̀ yóò pòórá nígbà tí a bá pa kọ̀ntéínà náà, tí a sì dá òmíràn. Ìgbà tí a bá ń kọ́ àwòrán kọ̀ntéínà ni a ń ṣe é. Open Liberty ní àwòrán kan tí ń jẹ́ kernel-slim, tí ìpìlẹ̀ nìkan wà nínú rẹ̀. A óò fi server.xml sí i, a óò sì pa àṣẹ features.sh láti gbé àwọn àbùdá tí ó dárúkọ wọlé.

Lórí àwọn sáfà mìíràn

GlassFish 3, tí ó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2009, náà lo OSGi, ó sì ní irinṣẹ́ tí a fi ń gba ègé tuntun. Nínú WildFly, tí wọ́n ń pè ní JBoss AS tẹ́lẹ̀, irinṣẹ́ Galleon ni a fi ń ṣa àwọn ègé tí a fẹ́ kí sáfà ní. Apache Karaf ń lo àṣẹ feature:install. Apache TomEE gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n fi àwọn àbùdá Jakarta EE kún Apache Tomcat ṣáájú, wọ́n sì gbé odindi rẹ̀ jáde.

Yíyọ àbùdá kúrò

Bí a bá pa ìlà àbùdá kan rẹ́ nínú server.xml, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, bí àbùdá mìíràn tí ó ṣẹ́ kù kò bá gbára lé e. Ìsọfúnni CWWKF0013I yóò sì jẹ́rìí sí i nínú àkọsílẹ̀. Fáìlì rẹ̀ yóò ṣì wà lórí ẹ̀rọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ó wà níbẹ̀ rárá lè lo àṣẹ server package pẹ̀lú --include=minify, tí ó ń di sáfà tuntun tí kò ní ju àwọn àbùdá tí server.xml ń béèrè fún lọ.