Kí Ni Òǹkọ̀wé Ń Kọ, Nígbà Tí Òṣèré Bá Ni Ọ̀rọ̀ Ẹnu Rẹ̀?

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ wo ẹni tó ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi fún ẹlòmíì láti wà. Kò mọ ibi tí wọ́n máa wà á lọ, kò sì ní bá wọn lọ. Ohun tó mọ̀ ni pé ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ jò. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń kọ eré orí tábìlì ń ṣe, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní role-playing game. Iṣẹ́ ni o, kì í ṣe àpárá. Àwọn kan ń fi í jẹun.

Báyìí ni eré ọ̀hún ṣe rí. Ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún á jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn á jókòó bí apàlọ́. Àwọn yòókù, kálukú á mú ẹ̀dá kan: èyí á ní ọdẹ lòun, èyí á ní olè lòun. Apàlọ́ á ní, "Ẹ dé etí odò, ilẹ̀ ti ń ṣú, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀." Á wá bi wọ́n pé, "Kí lẹ fẹ́ ṣe?" Ìbéèrè yẹn gan-an leré. Bí ohun tí ẹnì kan fẹ́ ṣe bá le, wọ́n á da dáìsì bíi ti lúdò láti mọ̀ bóyá ó rí i ṣe. Gary Gygax àti Dave Arneson ló kọ ìwé òfin irú eré yìí tó kọ́kọ́ dé ọjà, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1974. Dungeons & Dragons ni orúkọ rẹ̀, ẹ̀dà ẹgbẹ̀rún kan (1,000) ni wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ̀.

Nígbà yẹn, ta ló fẹ́ kọ́ni ní iṣẹ́ tí kò tíì sí rí? Kò sí olùkọ́ kankan. Jennell Jaquays àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ gíga ní ìpínlẹ̀ Michigan nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn kékeré kan tí wọ́n pè ní The Dungeoneer, lọ́dún 1976. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, bíi tiwa yìí náà, tó ń kọ nǹkan fún akẹ́kọ̀ọ́. Ibẹ̀ ni Jaquays ti ń kọ ibi tí àwọn ẹlòmíì yóò ti ṣeré, tó sì ń yàwòrán rẹ̀. Kò pẹ́ tí iléeṣẹ́ kan, Judges Guild, fi gbà á síṣẹ́. Nígbà tó fi di 1979, Caverns of Thracia ti jáde, ìwé tí àwọn tó mọ eré yìí ṣì ń tọ́ka sí títí di òní. Jaquays kú ní oṣù kìíní ọdún 2024. Ẹni tó bá ń fojú di ìwé tí a ṣe ní fọ́tókọ́pì, kó rántí ìyẹn.

Gygax fúnra rẹ̀ kọ eré kan, Tomb of Horrors. Ọdún 1975 ni wọ́n ṣe é níwájú èrò níbi àpéjọ kan, ọdún 1978 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ bí ìwé. Ṣíṣe ló ṣáájú, ìwé ló tẹ̀lé e. Ibi tí mo ka èyí dé ni mo ti rẹ́rìn-ín, torí pé àwọn bàbá wa nínú tíátà alárìnkiri ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Òṣóṣà, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n bí Hubert Ògúnǹdé sí lọ́dún 1916. Ó ṣe tíṣà, ó ṣe ọlọ́pàá. Lóṣù kẹfà ọdún 1944 ló gbé eré ìjọ Aládùúrà kan sórí ìtàgé Glover Memorial Hall l'Ékòó, eré nípa ọgbà Édẹ́nì. Èrò ya lu gbọ̀ngàn náà. Ní 1945 ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi eré ṣe iṣẹ́ oòjọ́. Nínú eré rẹ̀, orin ni wọ́n máa ń kọ́ lákọ̀ọ́sórí. Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu, òṣèré ló máa ń wá a fúnra rẹ̀ bí eré bá ti ń lọ, níwọ̀n ìgbà tó bá ti mọ ibi tí ìtàn ń lọ.

Ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí ní Òṣogbo ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi yékéyéké. Karin Barber bá wọn ṣeré, ó bá wọn rìn kiri, ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé The Generation of Plays, tó jáde lọ́dún 2000. Wọn kì í kó ìwé eré lé òṣèré lọ́wọ́. Adéjọbí á ro ìtàn náà, á sọ ọ́ fún wọn, á pín ẹ̀dá fún kálukú: ìwọ ni ìyàwó, ìwọ ni àna, wàá wọlé nígbà tí owó bá sọnù. Ó parí. Kí ni àna fẹ́ sọ? Ọwọ́ àna ló wà. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó lè sọ gbólóhùn méjì péré. Bí èrò bá rẹ́rìn-ín sí ìkan, ó di dandan kó tún un sọ ní ìlú tó kàn, kó sì fi òwe kan tì í lẹ́yìn. Díẹ̀díẹ̀ ni eré ń sanra. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ ń fi ojú àti etí kọ́ṣẹ́ lára àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí mẹ́ta nínú eré wọn di ìwé lọ́dún 1994, lọ́wọ́ Barber àti Báyọ̀ Ògúndìjọ, ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu òṣèré lórí ìtàgé ni wọ́n dà kọ.

Àwọn kan á ní, "Ìyẹn kì í ṣe ìwé kíkọ." Mi ò gbà. Dúró Ládiípọ̀ gbé Ọba Kò So jáde ní 1963, ewì inú rẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ kàn, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó to ìtàn tó fi jẹ́ pé ogún ènìyàn lè bọ́ sínú rẹ̀ lálaalẹ́, kí wọ́n má sì ṣìnà, òun náà kọ nǹkan. Inú wa ló fi kọ ọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yẹn ti bá afẹ́fẹ́ lọ. A lè gbọ́ orin Yorùbá Ronú, eré tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin dè lọ́dún 1964. Ṣùgbọ́n àìmọye àwàdà tí àwọn òṣèré ẹgbẹ́ wọ̀nyẹn dá láàárín alẹ́ kan sí èkejì, ta ló kọ ọ́ sílẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí tiẹ̀ ju Ògúnǹdé lọ. Ní oṣù kejì ọdún 1826, Alááfin pe Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Scotland, wá wo eré àwọn eégún alárìnjó ní Ọ̀yọ́ Ilé. Wọ́n ṣe erè, wọ́n sì ṣe Òyìnbó pẹ̀lú: ó funfun báláú, ó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń yọ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀, ó ń fín áṣáà. Àwọn èrò wá ń wojú àlejò wọn bóyá ó jọ ọ́. Ẹ ò rí i pé òǹwòran ti wọnú eré!

Ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ eré orí tábìlì. Iye ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé bá kọ ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ fi ń sanwó fún un. Ọ̀rọ̀ yìí pa mí lẹ́rìn-ín, torí ohun tí kò kọ gan-an ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ń sanwó àfọ̀ fún ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́.

Ká ní Òde-Omi ni èmi fẹ́ kọ, níbẹ̀ yẹn ní Ogun Waterside tí ilẹ̀ ti pin sójú omi. Mi ò ní kọ pé, "Àkàndé bínú, ó wọ ọkọ̀." Àkàndé kì í ṣe tèmi, ti ẹni tó mú un ni. Màá kọ pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ló kù létí omi, ìyá arúgbó kan ló ni ín, kì í sì í gbé ẹnikẹ́ni kọjá lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Màá kọ ìdí rẹ̀, kí apàlọ́ nìkan mọ̀ ọ́n: ọmọ rẹ̀ lọ lálẹ́ ọjọ́ kan, kò sì dé. Màá kọ iye tó máa gbà bí wọ́n bá na owó sí i, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá jí ọkọ̀. Bí ìkan nínú wọn bá béèrè orúkọ ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Màá kọ orúkọ yẹn síbẹ̀. Màá wá fi ìlà mẹ́rin tó tẹ̀lé e sílẹ̀ ní òfìfo.