Àgbàṣe Tí Kì í Tán: Òṣìṣẹ́ Rélùwéè Ọdún 1947 àti Ìwé Àdéhùn Iṣẹ́ Tiwa

Ní ọdún tó kọjá, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mi àtijọ́ kan mú ìwé àdéhùn iṣẹ́ wá hàn mí kí ó tó fọwọ́ sí i. Abala kan nínú rẹ̀ sọ pé bí ọjà kò bá tà, agbanisíṣẹ́ lè dín wákàtí iṣẹ́ kù, tàbí kí ó ní kí òṣìṣẹ́ jókòó sílé títí wọn yóò fi pè é, láìgba owó kankan. Ó bi mí pé: « Ọ̀gá, ṣé ohun tuntun nìyí? » Mo ní rárá. Ojú irin tó gba Ṣábẹ kọjá mọ ìtàn náà dáadáa.

Àwọn baba wa mọ àgbàṣe. Alágbàṣe a kọ iye ebè tí wọ́n bá a ṣe àdéhùn lé lórí, a gba owó rẹ̀, a sì máa lọ. Olóko kò jẹ ẹ́ ní gbèsè lọ́jọ́ kejì, nítorí iṣẹ́ ti tán. Àdéhùn yìí kò ní ẹ̀tàn, torí pé orúkọ iṣẹ́ bá iṣẹ́ mu. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá pe iṣẹ́ tí kì í tán ní àgbàṣe.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí ní rélùwéè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lábẹ́ ìjọba Faransé. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n kó pọ̀ sábẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo tí à ń pè ní Régie: Dakar-Niger, Conakry-Niger, Abidjan-Niger, àti Bénin-Niger tiwa, èyí tí ó ti Kútọnu gba Ṣábẹ lọ sí Parakou. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn tí wọ́n wà nínú cadre, ìyẹn àwọn tí ipò wọn fẹsẹ̀ múlẹ̀, àti funfun àti dúdú, kò tó 3,000. Àwọn yòókù, tí wọ́n lé ní 15,000, ni wọ́n ń pè ní auxiliaires, àwọn olùrànlọ́wọ́ ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lo ọdún gbọọrọ níbẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń tún ojú irin ṣe, àwọn ni wọ́n ń da iná, láìsí wọn ọkọ̀ kò lè rìn. Síbẹ̀, wọn kò ní ẹ̀tọ́ sí ilé gbígbé àti àwọn owó àfikún bí àwọn ará cadre, àṣìṣe kékeré sì tó láti lé wọn lọ. Ewu iṣẹ́ náà, orí wọn ni ó wà.

Ohun tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ béèrè ni cadre unique: kí ìlànà kan náà de gbogbo òṣìṣẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 1947 wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àwọn aláṣẹ sì gbà lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ náà tọ́. Nígbà tí ìlérí kò di ìṣe, wọ́n tún daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá. Ibrahima Sarr ni olórí wọn. Wọ́n tó bí 20,000, láti Dakar títí dé Kútọnu. Àwọn ẹbí ní abúlé àti àwọn oníṣòwò fún wọn ní oúnjẹ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àwọn ti Abidjan-Niger padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kìíní, ṣùgbọ́n àwọn yòókù dúró títí di ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 1948. Ìtàn yìí ni Ousmane Sembène fi ṣe ìwé ìtàn àròsọ Les Bouts de bois de Dieu ní ọdún 1960.

Kí ni wọ́n rí gbà? Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n béèrè. Ọ̀pọ̀ auxiliaires wọ inú cadre, ọ̀pọ̀ sì ṣẹ́ kù síta. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ti kúrò ní ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 1952, òfin iṣẹ́ fún àwọn ilẹ̀ òkè òkun jáde: wákàtí 40 lọ́sẹ̀, àti ìsinmi tí a ń sanwó fún.

Èmi kò sọ pé agbanisíṣẹ́ kò lè bọ́ sínú ìṣòro. Ọjà a máa kú, ẹ̀rọ a máa bàjẹ́. Ohun tí à ń pè ní chômage technique kì í ṣe irọ́ nígbà gbogbo. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé: ta ni yóò ru àdánù náà? Bí èrè bá wọlé, agbanisíṣẹ́ ló ni ín. Bí àdánù bá dé, tí abala kan ṣoṣo sì gbé gbogbo rẹ̀ lé òṣìṣẹ́ lórí, a jẹ́ pé wọ́n ti sọ òṣìṣẹ́ tòótọ́ di alágbàṣe láìsọ fún un. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, kí ẹ tó fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: ọjọ́ mélòó ni ìdádúró náà lè gùn mọ? Èló nínú owó oṣù ni ẹ ó máa gbà? Ta ni yóò jẹ́rìí pé iṣẹ́ ti dín kù lóòótọ́?

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mi padà lọ béèrè. Wọ́n fi iye ọjọ́ sí ìwé náà; lórí ọ̀rọ̀ owó, wọn kò yí ohùn padà. Ó fọwọ́ sí i, torí pé ó nílò iṣẹ́. Mi ò bá a wí. Àwọn ará rélùwéè náà kò gba gbogbo ẹ̀tọ́ wọn tán lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá béèrè nìkan ni ọwọ́ wọn tẹ̀.