Ìlànà Ìbánisọ̀rọ̀ Onítẹ̀léǹtẹ̀lé fún Ẹ̀rọ Inverter

Ìlànà ìbánisọ̀rọ̀ onítẹ̀léǹtẹ̀lé fún ẹ̀rọ inverter ni àkójọ ọ̀rọ̀ àṣẹ àti ọ̀rọ̀ ìbéèrè tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ẹ̀rọ tí ń pèsè iná mànàmáná sọ̀rọ̀ lórí wáyà, tí ó fi ń mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe lọ́wọ́, tí ó sì fi ń yí ìṣe rẹ̀ padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ bọ́tìnnì ojú rẹ̀. Onítẹ̀léǹtẹ̀lé ni wọ́n ń pè é nítorí pé bíìtì, ìyẹn ẹyọ ìròyìn tí kò lè ju òdo tàbí ení lọ, kì í kọjá lórí wáyà ju ọ̀kan lọ lẹ́ẹ̀kan, tí òmíràn yóò sì tẹ̀ lé e. Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ pọ̀. Èyí tí àyọkà yìí dá lé lórí jù lọ ni ti ẹ̀rọ Axpert, tí iléeṣẹ́ Voltronic Power ti ilẹ̀ Taiwan, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2008, ń ṣe. Iléeṣẹ́ yìí máa ń ṣe ẹ̀rọ fún àwọn oníṣòwò tí yóò fi orúkọ tiwọn tà á, àwọn mìíràn sì ti ṣe àfarawé rẹ̀, débi pé inverter méjì tí orúkọ ara wọn kò jọra lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà.

Inú yàrá àyẹ̀wò àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni irú ìbánisọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Ẹ̀rọ apèsè iná tí wọ́n ń lò níbẹ̀ jẹ́ èyí tí a lè sọ iye fóltì àti iye áńpì tí a ń fẹ́ fún, kí ó sì pèsè rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ní ọdún 1975 ni wọ́n fọwọ́ sí ìlànà IEEE 488, tí ó ti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ Hewlett-Packard wá, tí ó sì ń lo okùn nípọn tí bíìtì mẹ́jọ ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1990 ni ìlànà SCPI tẹ̀ lé e, tí ó sọ ọ̀rọ̀ àṣẹ di ohun tí ojú lè kà: VOLT 12 ní kí ẹ̀rọ gbé fóltì 12 jáde, OUTP ON ní kí ó ṣílẹ̀kùn iná, MEAS:CURR? sì ń béèrè iye áńpì tí ń kọjá. Inverter tí ó wà ní ilé ènìyàn lónìí kò yàtọ̀ sí ẹ̀rọ yàrá àyẹ̀wò yìí ní ìpìlẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà ni pé orísun iná mẹ́ta, ìyẹn iná ìta, oòrùn àti bátìrì, ni inverter ń ṣàkóso, tí ẹni tí ó sì ni ín kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ.

Ìjẹ̀bú-Òde, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, jẹ́ ibi tí àkóso orísun mẹ́ta yìí ti ṣe pàtàkì. Ọ̀dọ̀ Ibadan Electricity Distribution Company ni iná ìta ti ń wọ ìlú náà, iléeṣẹ́ tí ó bọ́ sọ́wọ́ aládàáni ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ènìyàn ṣì ń pè é ní iná NEPA, orúkọ tí ìjọba ti pa rẹ́ láti ọdún 2005. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ mú owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, títan jẹnẹrétọ̀ di ìnáwó tí apá ọ̀pọ̀ ìdílé kò ká mọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn oníbàárà Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, láti nǹkan bí ₦68 lọ sí ₦225 fún ẹyọ kan. Láàárín ìnáwó méjì yìí ni sólà ti rí ọ̀nà wọlé.

Ohun kan tún wà tí ó jẹ mọ́ àṣà àwọn ará Ìjẹ̀bú gan-an. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú tí ń ṣòwò ní Èkó tàbí tí ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ní ilé sílé, tí wọ́n sì máa ń wá sí i nígbà Iléyá, kí wọ́n lè wà níbi ayẹyẹ Ojúde Ọba tí ń wáyé ní ọjọ́ kẹta ọdún náà. Ní ìyókù ọdún, inverter àti bátìrì olówó ńlá lè wà nínú ilé tí kò sí ju olùṣọ́ kan ṣoṣo lọ. Ó yẹ kí onílé tí ó wà ní nǹkan bí 100 km sí ibẹ̀, tàbí ní òkè òkun, lè mọ bí bátìrì rẹ̀ ṣe wà, ibi tí ìlànà ìbánisọ̀rọ̀ sì ti wúlò jù lọ nìyẹn.

Wáyà tí ẹ̀rọ Axpert ń lò fún ọ̀rọ̀ sísọ tẹ̀ lé RS-232, ìlànà tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1960, tí wọ́n sì tún ṣe sí RS-232-C ní 1969. Nínú rẹ̀, fóltì tí ó wà lókè òdo, láti 3 sí 15, dúró fún bíìtì òdo, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ òdo ní ìwọ̀n kan náà sì dúró fún ení. Ìyára rẹ̀ jẹ́ bíìtì 2400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí lẹ́tà kan tó lọ, bíìtì òdo kan á kọ́kọ́ kéde ìbẹ̀rẹ̀, bíìtì mẹ́jọ ti lẹ́tà náà á tẹ̀ lé e láti èyí tí iye rẹ̀ kéré jù lọ, bíìtì ení kan á sì parí rẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá, èyí tí ó túmọ̀ sí pé lẹ́tà 240 ló lè kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹsẹ̀ ìgbín ni èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n bátìrì kì í yí padà lójú ẹsẹ̀, ohun tí ń lọ díẹ̀díẹ̀ sì ń fara da ariwo iná tí ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ alágbára. Ihò tí wáyà náà ń wọ̀ jọ ihò wáyà íntánẹ́ẹ̀tì gẹ́lẹ́, èyí tí ó ti ṣi àwọn oníṣẹ́ iná kan lọ́nà, nítorí pé kò lè bá ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀ bí a bá so ó mọ́ ọn tààrà. Àwọn ẹ̀rọ kan tún ní ihò USB, tí ọ̀rọ̀ kan náà ń gbà ní báìtì mẹ́jọ mẹ́jọ (báìtì kan ni àkójọ bíìtì mẹ́jọ).

Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní apá mẹ́ta: ọ̀rọ̀ àṣẹ fúnra rẹ̀, báìtì àyẹ̀wò méjì tí a ṣírò láti inú lẹ́tà ọ̀rọ̀ náà kí ẹ̀rọ lè mọ̀ bí ariwo orí wáyà bá ti bà á jẹ́, àti báìtì òpin, tí nọ́mbà rẹ̀ jẹ́ 13. Èsì ẹ̀rọ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì akámọ́ ìṣísílẹ̀, tí nọ́mbà rẹ̀ jẹ́ 40. Ìṣírò báìtì àyẹ̀wò jẹ́ èyí tí gbogbo ayé mọ̀, tí wọ́n ń pè ní CRC-16 ti XMODEM, àmọ́ iléeṣẹ́ náà fi ẹ̀tàn kékeré kan sí i: bí báìtì àyẹ̀wò bá bọ́ sí 10, 13 tàbí 40, a gbọ́dọ̀ fi ení kún un, kí ẹ̀rọ má baà rò pé òpin tàbí ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ni. Ọ̀rọ̀ POP00 ní 194 àti 72, kò sì sí wàhálà níbẹ̀. Ti POP02 yóò já sí 226 àti 10, nítorí náà 226 àti 11 ni a gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́. Ẹni tí ó bá ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tí kò mọ èyí yóò rí i pé ọ̀pọ̀ àṣẹ yòókù ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n èyí kò ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí onílé ń fẹ́ jù lọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ ìbéèrè ló máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà Q. QPI ń béèrè irú ìlànà tí ẹ̀rọ gbọ́, tí èsì rẹ̀ sì máa ń jẹ́ PI30 lára ọ̀pọ̀ Axpert. QMOD ń béèrè ipò tí ẹ̀rọ wà, tí L fi hàn pé iná NEPA ni ilé ń lò, tí B sì fi hàn pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ láìsí i. Lẹ́tà B yìí máa ń ṣini lọ́nà, nítorí pé ẹ̀rọ ń kọ ọ́ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ló ń gbé gbogbo ilé, tí bátìrì kò sì fi nǹkankan sílẹ̀. QPIGS ló ní ìròyìn jù lọ. Èsì rẹ̀ gùn tó nǹkan bí lẹ́tà 110, tí ó sún mọ́ ìdajì ìṣẹ́jú àáyá láti kọjá, ó sì ń to nọ́mbà tẹ̀ lé ara wọn, lára wọn ni: fóltì iná ìta, fóltì tí ẹ̀rọ ń fún ilé, iye wáàtì tí ilé ń jẹ, fóltì bátìrì, áńpì tí ń wọ inú rẹ̀ àti èyí tí ń jáde, ooru inú ẹ̀rọ, àti fóltì tí ń bọ̀ láti orí pánẹ́ẹ̀lì sólà. Bí nọ́mbà àkọ́kọ́ bá jẹ́ 000.0, iná NEPA ti lọ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ 150.0, iná wà, ṣùgbọ́n kò dé ìwọ̀n 230 tí Nàìjíríà fọwọ́ sí.

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ àṣẹ, POP ló ṣe pàtàkì jù, nítorí pé òun ló ń sọ orísun tí yóò ṣáájú. POP00, tí ẹ̀rọ ń bá jáde láti iléeṣẹ́, fi iná NEPA ṣáájú. POP01 fi oòrùn ṣáájú, tí ó sì ń padà sí iná ìta bí oòrùn bá tán. POP02 fi oòrùn ṣáájú, bátìrì tẹ̀ lé e, tí kò sì ní fọwọ́ kan iná ìta àfi bí fóltì bátìrì bá rẹlẹ̀ dé ibi tí àṣẹ mìíràn, PBCV, ti sọ. Onílé Band A tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì wà lórí POP00 ń san owó ńlá fún iná tí oòrùn lè fún un lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí pé níwọ̀n ìgbà tí iná NEPA bá wà, bátìrì nìkan ni oòrùn ń bọ́. Síbẹ̀ POP02 kò dára ní gbogbo ìgbà. Ìjẹ̀bú wà ní ẹkùn igbó tí òjò ti ń pọ̀, ìkùukùu oṣù keje sí ìkẹsàn-án sì lè jẹ́ kí bátìrì máa lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Yíyí padà láti àṣẹ kan sí èkejì bí ojú ọjọ́ bá ti rí ni iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà lè ṣe dáadáa, tí olùṣọ́ ilé kò sì ní rántí ṣe. Ọ̀rọ̀ àṣẹ PGR náà yẹ kí oníṣẹ́ iná mọ̀: PGR00 gba iná ìta láti fóltì 90 sí 280, PGR01 sì ń kọ èyí tí kò bá tó 170. Ní àdúgbò tí iná ti ń rọ̀, PGR01 lè jẹ́ kí onílé rò pé wọ́n ti mú iná, nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ ń lo tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ló ń náni lówó jù bí a bá ṣì í. PBT ń sọ irú bátìrì tí a lò, PCVV ń sọ fóltì tí a óò fi bọ́ ọ, PBFT ń sọ èyí tí a óò fi dá a dúró nígbà tí ó bá ti kún. Lórí ẹ̀rọ fóltì 48, iye tí wọ́n ti gbé kalẹ̀ láti iléeṣẹ́ fún bátìrì òjé jẹ́ 56.4 àti 54.0. Bátìrì lithium onísẹ́ẹ̀lì 15, irú èyí tí Pylontech ń ṣe, kì í fẹ́ kọjá nǹkan bí 53. Bí wọ́n bá fi 56.4 bọ́ ọ, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan yóò rí 3.76, tí ó ga ju 3.65 tí ó jẹ́ òpin rẹ̀ lọ, ẹ̀rọ aláàbò inú bátìrì yóò sì gé iná kúrò lójijì. Oníbàárà yóò wá sọ pé bátìrì náà kò dára. Nítorí èyí ni àwọn bátìrì tuntun fi ń bá inverter sọ̀rọ̀ fúnra wọn, yálà lórí CAN, tí iléeṣẹ́ Bosch ti Jámánì gbé jáde ní 1986, tàbí lórí RS-485, ìlànà ọdún 1983 tí ó lè so ẹ̀rọ 32 pọ̀ lórí wáyà méjì tí ó gùn tó 1,200 m. Bátìrì yóò máa sọ fóltì àti áńpì tí ó lè gbà, inverter yóò sì ṣègbọràn. Àwọn bátìrì tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń fi sẹ́ẹ̀lì àlòkù kó jọ kì í sábà ní ìbánisọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá so wọ́n mọ́ inverter gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo nọ́mbà náà.

Orí RS-485 ni Modbus náà ń gbé jù, ìlànà tí Modicon ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1979, tí àwọn inverter tuntun sì ń lò. Kì í sábà lo lẹ́tà tí ojú lè kà. Nọ́mbà àpótí ìrántí ni ó fi ń béèrè ohun tí ó fẹ́. Ìwé ìlànà rẹ̀ wà ní gbangba. Ti Voltronic kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí àjọ kankan tí ó ń ṣe àmójútó rẹ̀, ọwọ́ àwọn tí ń lo ẹ̀rọ ni ìwé rẹ̀ ti ń tàn káàkiri, ẹ̀dà kan sì lè gba àṣẹ tí òmíràn yóò dá NAK padà sí, ìyẹn ìdáhùn ìkọ̀.

Fún onílé tí kò sí nílé, ohun èlò kékeré kan tí a so mọ́ ihò RS-232 ni yóò máa béèrè QPIGS ní ìṣẹ́jú mélòó kan sí ara wọn, tí yóò sì fi èsì ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fóònù. Àwọn mìíràn ń fi kọ̀ǹpútà kékeré Raspberry Pi ṣe é, tàbí kí wọ́n lo ètò WatchPower ti Voltronic fúnra rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tí ó wà nítòsí ẹ̀rọ. Ìlànà náà kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà kankan. Ẹnikẹ́ni tí ó bá dé ihò náà, yálà nínú ilé tàbí láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, lè fi POP àti PCVV yí ẹ̀rọ padà, ẹ̀rọ yóò sì dá ACK, ìyẹn ìdáhùn ìgbà, padà fún un bí ó ṣe ń dá a padà fún onílé. Ààbò tí ó wà kò sí lórí wáyà rárá: ó wà ní ọwọ́ ẹni tí ó ní kọ́kọ́rọ́ yàrá inverter, àti ní ọwọ́ iléeṣẹ́ tí onílé ń fi ìròyìn inverter rẹ̀ pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà wọn, tí ó sì sábà máa ń wà ní òkè òkun.