Ọjọ́ Kan Pẹ̀lú Ẹyin Àrọ̀ ní Sabon Gari

Aago 6 òwúrọ̀. Ọyẹ́ ń mú ní Kano, ṣùgbọ́n omi tí abo àrọ̀ wà nínú rẹ̀ kò tutù, torí híítà ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́jú. Aago mẹ́jọ alẹ́ àná ni ìyá tó ni ín ti gún un ní abẹ́rẹ́ Ovaprim, oògùn tó ń mú ẹyin gbó, ìdajì mìlílítà fún kílò kan. Bí omi bá wà ní dígíríì 26, wákàtí mẹ́wàá ni ẹyin fi ń gbó. Bó bá jẹ́ 20, ó lé ní ogún wákàtí. Ọmọ rẹ̀ ké sí i: “Mọ́mì, ilẹ̀ ti mọ́ o!” Ó ní, “Tẹmómítà ni kó o wò, má wo ilẹ̀.”

Aago 6:20. Ó fi táwẹ̀lì nu ẹja gbẹ, ó nu abọ́ tó máa gba ẹyin gbẹ. Mo fẹ́ràn ìṣọ́ra yìí, torí ẹ̀kán omi díẹ̀ lè ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́: tí omi bá ti kan ẹyin, ihò tí àtọ̀ ń gbà wọlé á bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ikùn ẹja wá sísàlẹ̀, ẹyin sì ń ṣàn jáde, wẹ́wẹ́ bí ọkà bàbà. Gíráàmù kan tó nǹkan bí ẹyin 700. Akọ kò ṣe é tẹ̀ bẹ́ẹ̀, pípa ni wọ́n ń pa á kí wọ́n tó rí àpò àtọ̀ rẹ̀. Ó gé àpò náà, ó fún un sórí ẹyin, ó fi ìyẹ́ adìyẹ rò wọ́n pọ̀. Ìgbà yẹn ló tó bu omi sí i. Láàárín ìṣẹ́jú kan, èyí tó máa gbà ti gbà.

Aago 7. Ṣíbí ẹyin méjì péré ló wọ inú àpótí omi onídígí tó wà ní pálọ̀. Aládùúgbò tó ní adágún kọ̀ǹkéré ló kó ìyókù. Ìyá tẹ́ ẹyin tiẹ̀ sórí nẹ́ẹ̀tì, kí ọ̀kan má gun èkejì, torí ẹyin àrọ̀ ń lẹ̀, èyí tó bá wà nísàlẹ̀ kì í rí afẹ́fẹ́. Akọ di ọbẹ̀.

Aago 10. Mai ruwa, ọkùnrin tó ń ta omi, ti ọmọlanke rẹ̀ dé. Omi ẹ̀rọ ni ìyá rà, ó dà á sínú dúrọ́ọ̀mù, ó ṣí i sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí klorín lè fò kúrò.

Aago 4 ìrọ̀lẹ́. Ẹyin tó yè mọ́ gaara. Èyí tó kú ti funfun. Ó ń fi ṣíríǹjì fà wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, torí òkú ẹyin máa ń bu, ìbu náà á sì ran alààyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Aago 1:40 òru. Iná lọ. Ó so ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ mọ́ bátìrì, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé dígí náà. Bátìrì kò lè gbé híítà. Nígbà tí iná fi dé ní aago mẹ́rin, omi ti já sí 24.

Aago 7 òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Aago yìí ló yẹ kí àwọn ẹyin pa, ká ní omi dúró ní 26. Kò sí nǹkan kan.

Aago 8:30. Ìrù kan gbọ̀n lórí nẹ́ẹ̀tì. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kí aago mẹ́wàá tó lù, àwọn ọmọ ẹja ti ń gba ojú nẹ́ẹ̀tì já bọ́, wọ́n ń ṣù jọ sí igun tó ṣókùnkùn jù. Ìyá yọ nẹ́ẹ̀tì tòun ti òkú ẹyin. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ohun tó wà nínú àpò ikùn wọn ni wọ́n máa jẹ. Artemia, ẹ̀dá wẹ́wẹ́ bí edé, ló máa tẹ̀ lé e, ó sì máa ń tó ọjọ́ kan kó tó pa nínú omi iyọ̀, nítorí náà ọ̀túnla ló máa rẹ ẹ́.