Ọta Tó Tó Àgbọ̀nrín Pa

Àgbọ̀nrín tí ọta bà níkùn kì í sábà ṣubú lójú ẹsẹ̀. Ó lè sá wọgbó lọ, kí ìrora máa jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó kú, ọdẹ sì lè má rí i mọ́ láé. Ìdí nìyẹn tí a fi ní láti bèèrè pé, ìbọn wo gan-an ló tó? Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, òfin ló dáhùn ní 1963.

Deer Act ọdún náà sọ pé ráífù tí ihò rẹ̀ kò bá fẹ̀ tó .240 ínǹṣì kò gbọdọ̀ pa àgbọ̀nrín, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí agbára ọta rẹ̀ lẹ́nu ìbọn kò bá tó 1,700 foot-pound. Àwa tí a ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ irú òfin yìí dáadáa: tí ọ̀kan nínú méjèèjì bá kùnà, gbogbo ẹ̀ ti kùnà nìyẹn.

Agbára yẹn ṣeé ṣírò. Ẹ mú ìwọ̀n ọta ní grain, ẹ fi iye ẹsẹ̀ bàtà tó ń sá ní ìṣẹ́jú àáyá kan sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ wá fi 450,240 pín in. Ọta .243 Winchester, tó jáde ní 1955, tó bá wọn 100 grain tó sì ń sá ní 2,960, á fún wa ní nǹkan bí 1,946. Ó yege. Ọta .222 Remington tó wọn 50 grain, tó ń sá ní 3,140, ò ju nǹkan bí 1,095 lọ. Kò yege rárá. Àmọ́ ẹnu ìbọn ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n o; ibi tí àgbọ̀nrín dúró sí jìnnà, agbára sì ń dín kù lójú ọ̀nà.

Ẹ sọdá odò Tweed báyìí, ẹ bọ́ sí Skọ́tíláǹdì. Àṣẹ tí wọ́n pa níbẹ̀ ní 1985 gbà kí wọ́n fi ọta 50 grain pa roe, bó bá ti lè sá tó 2,450, tí agbára rẹ̀ sì tó 1,000. Bí .222 ṣe di ohun tó bófin mu nìyẹn! Roe kan náà ló ń jẹ koríko lápá ọ̀hún àti lápá ibí. Fún red deer, tó tóbi jù ú lọ fíìfíì, ọta ní láti wọn 100 grain, kí agbára rẹ̀ sì tó 1,750. Lójú tiwa, àwọn ará Skọ́tíláǹdì ló ro ó dáadáa, torí wọ́n wo bí ẹran ṣe tóbi tó. Ní 2007, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà gba ìbọn kékeré láyè fún muntjac àti Chinese water deer.

Èyí tó yà wá lẹ́nu jù ni ti imú ọta. Òfin 1963 sọ pé imú rẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀ tàbí kó ní ihò, kó lè fẹ̀ tó bá wọnú ẹran. Bẹ́ẹ̀ ní The Hague ní 1899, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò pé àwọn ò ní fi irú ọta yẹn jagun mọ́, torí ìkà ni. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tó ń ṣe é ní Dum Dum nítòsí Calcutta, ò tètè gbà. Ọdún 1907 ni wọ́n tó fara mọ́ ọn. Kí ló wá dé tí ohun tó jẹ́ ìkà sí sójà fi di àánú sí àgbọ̀nrín? Sójà tó fara gbọgbẹ́ ti kúrò lójú ìjà, wọ́n sì lè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ta ni yóò gbé àgbọ̀nrín? Ọta líle lè gba ara rẹ̀ kọjá, kó dá ihò tín-ín-rín sí i, kí ẹran sì máa sá lọ. Èyí tó fẹ̀ nínú ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró á tètè pa á.

Òjé ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ọta wọ̀nyí, ó sì máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ sínú ẹran tí èèyàn àti ẹyẹ ń jẹ. Bàbà ò fọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́ ju òjé lọ, ọta bàbà tó bá ga bákan náà kò lè wọn bákan náà. Ní 2023, Skọ́tíláǹdì sọ 100 grain yẹn di 80. Ẹni tó ní .243 lè fi ọta bàbà pa red deer níbẹ̀ báyìí, bí agbára rẹ̀ bá ṣì tó 1,750.