Láti Ọ̀wẹ̀ dé Ojú Fóònù: Ìtàn Ìtọrẹ àti Ìjíhìn ní Ọ̀tà

Ní ayé àtijọ́ láàrin àwọn Àwórì ní Ọ̀tà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó bá bẹ ọ̀wẹ̀ kò nílò láti ṣe àlàyé púpọ̀. Àwọn tí ó wá ràn án lọ́wọ́ mọ̀ ọ́n, wọ́n mọ ilé tí wọ́n fẹ́ bò, nígbà tí ilẹ̀ bá sì fi máa ṣú, wọ́n á ti fi ojú ara wọn rí òrùlé tí wọ́n jọ gbé dúró. Ojú kan náà ni ọrẹ, iṣẹ́ àti ẹ̀rí wà. Ìtàn Ọ̀tà láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi hàn bí àwọn nǹkan mẹ́ta yìí ṣe pínyà, àti bí àwọn ẹgbẹ́ tí ń gba ìtọrẹ ṣe ń wá ọ̀nà láti tún wọn so pọ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tí àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ń bi ara wọn lónìí, pé báwo ni a ṣe ń bá olùtọrẹ sọ̀rọ̀ nígbà tí ohun tí ó ń retí ń yí padà, kì í ṣe ìbéèrè àjèjì ní ìlú náà.

Ní ọdún 1854 ni ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS, tí a dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1799, rán James White, ọmọ Yorùbá tí ó ti Sàró wá, sí Ọ̀tà. Apá tí ó pọ̀ jù nínú owó iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ń ti ọwọ́ àwọn ọmọ ìjọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, àwọn ènìyàn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Yorùbá láéláé. Ojú wọn kò lè tó òrùlé tí owó wọn gbé dúró. Ìwé ni ó wá di ojú fún wọn. Ẹgbẹ́ náà pa á láṣẹ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa kọ àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n ṣe àti ohun tí wọ́n rí, kí wọ́n sì máa fi í ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Láti inú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ti ń ṣa èyí tí a óò tẹ̀ sínú Church Missionary Gleaner, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1841, àti Church Missionary Intelligencer, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1849. Ìròyìn ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìpè ìtọrẹ ni wọ́n pẹ̀lú.

Ohun tí olùkà fẹ́ gbọ́ ní ipa lórí ohun tí a kọ. Olùtọrẹ ìgbà náà ń retí ìtàn òkùnkùn tí ìmọ́lẹ̀ borí. White kọ nípa òrìṣà àti eégún Ọ̀tà pẹ̀lú ojú ajíhìnrere, síbẹ̀ ó fara balẹ̀ wo ohun tí ó rí, débi pé àwọn onímọ̀ òde òní tí ń ṣe ìwádìí ìtàn àti iṣẹ́ ọnà ìlú náà ń lo àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kíyè sí ibi tí ìjíhìn náà dojú kọ. Lọ́ńdọ̀nù nìkan ni ó ń lọ. Àwọn ará Ọ̀tà tí ìwé náà ń sọ nípa wọn kò sí lára àwọn tí a kọ ọ́ sí. Wọn kò rí bí a ti ṣe àpèjúwe wọn, wọn kò sì ní ààyè láti fèsì.

Henry Venn, akọ̀wé CMS láti ọdún 1841 dé 1872, rí i pé ìjọ kò lè máa gbára lé owó òkèèrè títí. Ó ṣètò pé kí àwọn ìjọ ilẹ̀ Áfíríkà máa bọ́ ara wọn, kí wọ́n sì máa ṣàkóso ara wọn. Ní ọdún 1861 ni irú ètò yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Sàró. Bí olùtọrẹ ti ń súnmọ́ tòsí, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó ń bèèrè ń yí padà. Ní Èkó ní ọdún 1901, àwọn ọmọ ìjọ St Paul's Breadfruit tí inú wọn kò dùn sí bí a ṣe mú James Johnson kúrò láàrin wọn yà kúrò, wọ́n sì dá ìjọ African Church sílẹ̀. Jacob Kehinde Coker, àgbẹ̀ onígi kòkó ní Agége, ìtòsí Ọ̀tà, wà lára àwọn aṣáájú wọn, ó sì ná owó oko rẹ̀ lórí iṣẹ́ ìjọ náà. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń dáwó, wọ́n sì ń bèèrè pé kí a fi ọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n. Ìtàn dídùn nìkan kò tó wọn mọ́.

Ọ̀rúndún ogún mú ọ̀nà mìíràn wá. Wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1945, wọ́n sì ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1948. Ìfilọ́lẹ̀ di àṣà fún ẹgbẹ́ ìlú, ilé-ẹ̀kọ́ àti ìjọ: a óò pe orúkọ olùtọrẹ ní gbangba, a óò dárúkọ iye tí ó mú wá, àwùjọ yóò sì pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yẹ ni olùtọrẹ ń gbà. Àléébù rẹ̀ ni pé àtẹ́wọ́ a máa parí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọdún 1976, ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń pọ̀ sí i ní Ọ̀tà àti Ṣàngó-Ọ̀tà, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń wọlé láti ibi gbogbo. Aládùúgbò kò fi bẹ́ẹ̀ mọ aládùúgbò mọ́. Ní Ọ̀tà yìí kan náà ni Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dá Africa Leadership Forum sílẹ̀ ní ọdún 1988, àjọ tí ó kó ipa pàtàkì nínú àpérò Kampala ti ọdún 1991 lórí ààbò àti ìdàgbàsókè Áfíríkà. Ní àsìkò àwọn àjọ bẹ́ẹ̀, àwọn olùtọrẹ ńlá ń bèèrè ètò iṣẹ́ tí a kọ sílẹ̀ àti ìṣirò owó tí ayẹ̀wé-owó-wò ti fọwọ́ sí. Èdè ìpè ìtọrẹ di èdè ọ́fíìsì.

Lónìí, fóònù ti kó gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí jọ. Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ sí ọwọ́ ni owó ìtọrẹ sábà máa ń gbà. Ṣùgbọ́n ètò NIP, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2011, mú kí owó lè ti báńkì kan dé òmíràn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ dé kíákíá ń retí pé kí èsì náà dé kíákíá. Òfin pàápàá ti le sí i. Apá F nínú òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 fún ìjọba ní ọ̀nà láti dá àwọn alámòójútó ẹgbẹ́ dúró bí ìṣàkóso wọn bá mẹ́hẹ, nígbà tí òfin ọdún 2023 lórí ìdáàbòbò ìsọfúnni fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ lórí bí a ṣe ń lo ìsọfúnni nípa rẹ̀.

Níbi yìí ni ìyàtọ̀ tí ó tóbi jù lọ wà láàrin àkókò White àti òní. Ìyá tí a ya àwòrán rẹ̀ ní Ṣàngó láti fi bẹ olùtọrẹ ní Lọ́ńdọ̀nù lè rí àwòrán náà lórí fóònù ara rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Àwọn ọmọ rẹ̀ yóò rí i, àwọn oníbàárà rẹ̀ ní ọjà pẹ̀lú yóò rí i. Ìròyìn tí ó mú owó wá nípa títàbùkù rẹ̀ kò lè fara pamọ́ fún un mọ́.

Àwọn Yorùbá ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Òwe yìí gbé ojúṣe lé ẹni tí ó gba oore lórí. Ìtàn Ọ̀tà fi hàn pé alágbàtà tí ó dúró sáàárín náà ní ojúṣe tirẹ̀, sí apá méjèèjì. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ bá ìgbà mu kò ní kàn pààrọ̀ ìwé ìròyìn sí fóònù lásán. Yóò gba àṣẹ kí ó tó ya àwòrán, yóò sọ ibi tí iṣẹ́ ti kùnà àti ibi tí ó ti yọrí, yóò sì ka ìṣirò owó kan náà ní èdè Yorùbá sí etí àwọn tí a ná an lé lórí. Nígbà náà ni ọrẹ, iṣẹ́ àti ẹ̀rí yóò tún wà ní ojú kan, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nígbà ọ̀wẹ̀.