Bí Ìlà Bá Ti Kú, Kí Gateway Já A: Ètò fún Tẹlifóònù Ọ́fíìsì

Bí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ tàbí ṣọ́ọ̀bù yín bá ń lo gateway, ẹ̀rọ tó ń so tẹlifóònù pọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Tí ẹnì kan bá gbé fóònù sílẹ̀, gateway máa ń gba iṣẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti tán, á sì já ìlà. Àmọ́ tí iná bá lọ lódìkejì, tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, iṣẹ́ yẹn ò ní dé. Gateway á rò pé wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀. Owó ìpè lè máa lọ, ìlà á sì dí. Tó bá jẹ́ ìlà méjì péré lẹ ní, ẹni tó ń pè láti ilé ìwòsàn nítorí ọmọ ẹgbẹ́ kan lè má rí yín bá sọ̀rọ̀.

Ohun tí gateway ń wò

RTP ló ń gbé ohùn. RTCP ló ń gbé ìròyìn kékeré láti ìgbà dé ìgbà nípa bí ohùn ṣe ń dé sí. Ìyẹn náà ló ń fi hàn pé ẹni ọ̀hún ṣì wà. A ò gbọ́dọ̀ fi RTP nìkan ṣèdájọ́, torí ẹni tó dákẹ́ kò kú. Tí VAD bá wà ní títàn, RTP máa ń dáwọ́ dúró nígbà tí èèyàn bá dákẹ́, ṣùgbọ́n RTCP ṣì ń lọ.

Bí a ṣe ń tò ó

Lórí gateway Cisco tó ń lo IOS, ẹ tẹ ìwọ̀nyí:

configure terminal
ip rtcp report interval 5000
gateway
timer receive-rtcp 5
end

5000 jẹ́ mìlísẹ́kọ́ǹdù, ìyẹn sẹ́kọ́ǹdù 5. Gateway á sọ ọ́ di ìlọ́po 5: tí RTCP ò bá dé fún sẹ́kọ́ǹdù 25, á já ìlà. Ìlọ́po náà lè jẹ́ láti 2 dé 1000. Tẹ́ ò bá kọ ọ́ rárá, gateway ò ní ṣọ́ nǹkan kan. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣe ségesège, ẹ fi 12 sí i, kó di ìṣẹ́jú kan gbáko.

Kẹ́ ẹ tó fọkàn balẹ̀

Ẹ bi ilé iṣẹ́ tó ń gbé ìpè yín bóyá wọ́n ń fi RTCP ránṣẹ́, pàápàá nígbà tí èèyàn bá wà lórí ìdúró. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹnì kan, kẹ́ ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì: ìlà ò gbọ́dọ̀ já. Kí onítọ̀hún wá yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Ẹ tẹ show call active voice brief. Tí àkókò tẹ́ ẹ fi sí i bá pé, ìpè náà gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀.

Tó bá ṣiṣẹ́, ẹ tẹ copy running-config startup-config. Láìṣe bẹ́ẹ̀, bí iná bá lọ pẹ́nrẹ́n, gbogbo ètò yín ti bá a lọ nìyẹn.